Ẹ Má Tètè Sọ Pé “Ó Dáa”: Bí Ẹ Ṣe Lè Dúró Lórí Ohun Tó Wà Lọ́kàn Yín

Ẹnì kan bẹ̀ yín ní nǹkan. Inú yín ti ní rárá, ẹnu yín sì ti sọ pé “ó dáa.” Kò tó ìṣẹ́jú kan tó wà láàárín ohun tí inú sọ àti ohun tí ẹnu sọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń sọ ara wa nù, kì í ṣe níbi ìpinnu ńlá tí a rò pé ó ń bọ̀ lọ́jọ́ kan.

Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ẹ̀gbọ́n mi kan pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní òun ti bá mi rí iṣẹ́ kan tí gbogbo ẹbí máa fi yangàn. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń fi èékánná ha etí tábìlì. Mo kàn gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ó dáa.” Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, kò sí àárọ̀ kan tí ara mi yá sí i. Ọjọ́ tí mo fi í sílẹ̀, mo ti múra láti gba èébú. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi bi mí ni pé, “Kí ló dé tí o ò sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn?” Mi ò rí èsì fún un.

Nítorí irú ọjọ́ yẹn ni mo ṣe kọ ìtọ́sọ́nà yìí. Ìpinnu kan ṣoṣo ni kí ẹ lò ó fún lẹ́ẹ̀kan: iṣẹ́, ẹ̀kọ́, ẹni tí ẹ máa fẹ́, ibi tí ẹ máa gbé, ìgbàgbọ́ yín, bí ẹ ṣe fẹ́ máa lo ọjọ́ ayé yín. Ẹni tó bá fẹ́ tún gbogbo ayé rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ kan, ó máa rẹ̀ ẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ohun tí ẹ nílò

- Ìwé kan àti kálàmù. Fóònù lè ṣe é, àmọ́ ìwé tí ẹnikẹ́ni ò ní ṣèèṣì kà ló dára jù.
- 20 ìṣẹ́jú lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin léraléra, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní pè yín.
- Ẹnì kan tí ìpinnu náà ò ní fún ní èrè, tí kò sì ní kó o sí àdánù.
- Ọjọ́ kan pàtó tí ẹ máa fèsì. Tí kò bá sí ọjọ́, inú yín á kàn máa rò ó kiri ni.

Ẹ ka èyí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ sọ rárá fún bá lè lù yín, tàbí kó lé yín síta lóru, tàbí kó gba ìwé ẹ̀rí yín mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má tíì sún mọ́ ìgbésẹ̀ 6. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí ẹ lè sùn, ẹ kó àwọn ìwé yín sọ́dọ̀ ẹni tí ẹ fọkàn tán, ẹ tọ́jú owó díẹ̀, kí ẹnì kan sì mọ ibi tí ẹ wà. Òótọ́ tí ẹ dúró di oṣù méjì kí ẹ tó sọ, láti ibi tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ti lè tó yín, òótọ́ náà ṣì ni.

Ohun kan tún wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtọ́sọ́nà yìí bọ́ kúrò lọ́rùn. Gbèsè tí ẹ jẹ, ọmọ tí ẹ bí, àdéhùn tí ẹlòmíràn ti gbára lé: ìwọ̀nyí kì í ṣe ohun tí ayé ń retí lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin lẹ ni wọ́n.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ gba àyè kí ẹ tó fèsì

Ẹ há gbólóhùn kan sórí báyìí, kó tó di pé ẹnikẹ́ni béèrè nǹkan. Fún àgbà: “Mo ti gbọ́, ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó, màá fún yín lésì lọ́jọ́ Ẹtì.” Fún ẹgbẹ́ yín: “Mo gbọ́ ẹ. Jẹ́ kí n rò ó, màá pè ẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì.”

Ìdí tó fi gbọ́dọ̀ wà lórí yín ṣáájú ni pé ní ojú ẹsẹ̀, ẹnu máa ń sọ ohun tó ti mọ́ ọn lára. Peter Gollwitzer, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kọ̀wé lórí èyí ní ọdún 1999: ẹni tó ti pinnu ṣáájú pé “bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, báyìí ni màá ṣe” máa ń mú ìpinnu rẹ̀ ṣẹ ju ẹni tó kàn ní òun á gbìyànjú lọ. Nítorí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀: “Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ṣe ohun tó máa gbà mí ju ọjọ́ kan lọ, màá sọ pé mo fẹ́ lọ rò ó.”

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà: wọ́n máa ń sọ pé “a máa rí i” tàbí “kò burú.” Létí ẹni tó ń bẹ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ni ni méjèèjì. Àwọn mìíràn á bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi fẹ́ rò ó, ọ̀rọ̀ á sì di àríyànjiyàn kí wọ́n tó rò ó rárá.

Àyẹ̀wò: ẹ lo gbólóhùn náà lórí ohun kékeré mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí, ohun tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Bó bá jáde lẹ́nu yín láìjẹ́ pé ẹ tọrọ àforíjì mọ́ ọn, ẹ lè máa bá ìtọ́sọ́nà yìí lọ.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni

Ọ̀pọ̀ ni kì í tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ yìí. Wọ́n á kọ́kọ́ pe ọ̀rẹ́ mẹ́rin, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa wá ohun tí àwọn fúnra wọn fẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, Solomon Asch, tí òun náà jẹ́ onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, fi ìlà gígùn àti kúkúrú dán àwọn èèyàn wò, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 1951. Èwo nínú ìlà mẹ́ta ló bá ìlà kan dọ́gba? Ọmọdé lè dáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó síbẹ̀ ti bá Asch dì í pọ̀, wọ́n ń mú ìlà tí kò tọ̀nà, ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ ló kù láàárín wọn. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn tí wọ́n dán wò ló gbà pẹ̀lú èrò tó ṣìnà yẹn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ẹni náà kọ èsì tirẹ̀ sórí ìwé dípò kó sọ ọ́ síta, títẹ̀ lé èrò yẹn dín kù gan-an.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀ lórí ìlà tí ojú ń rí, báwo ló ṣe máa rí lórí ohun tí inú nìkan lè rí? Ìdí nìyẹn tí ìwé fi gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Ẹ fa ìlà méjì sórí ojú ìwé kan kó lè pín sí mẹ́ta. Ní apá kìíní, ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́. Ní apá kejì, ẹ kọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn fẹ́, kí ẹ sì kọ orúkọ oníkálukú síwájú tirẹ̀. Ní apá kẹta, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù pé ó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá ní rárá.

Ẹ ṣọ́ra fún “wọ́n” ní apá kejì. “Wọ́n á máa sọ pé...” Ta ni wọ́n? Nígbà tí mo ṣe tèmi, “gbogbo ayé” ni mo kọ síbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tóbi, mo tẹ kálàmù mọ́lẹ̀ débi pé ó lu ojú ìwé kejì. Mo pa á rẹ́, mo wá ń wá orúkọ. Orúkọ méjì péré ni mo rí. Ọ̀kan nínú wọn, ó ti tó ọdún mẹ́fà tí a ti rí ara wa gbẹ̀yìn.

Àyẹ̀wò: kò sí “wọ́n”, “àwọn èèyàn” tàbí “ayé” lórí ìwé náà mọ́. Orúkọ nìkan ló kù.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ ya ohùn tiyín sọ́tọ̀

Ó máa pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí ohùn ẹlòmíràn lè pẹ́ nínú wa débi pé a ó máa pè é ní tiwa. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́rin tí mo sọ lókè ṣe é.

*Ọjọ́ kìíní: “yẹ” àti “wù”.* Ẹ kọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn yín nípa ọ̀rọ̀ náà fún 20 ìṣẹ́jú, ẹ má ṣàtúnṣe, ẹ má dúró. Tí ẹ bá parí, ẹ padà síbẹ̀rẹ̀ kí ẹ fàlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ẹ ti kọ “ó yẹ kí n”, kí ẹ sì yí gbogbo ibi tí ẹ ti kọ “ó wù mí” po. Ẹ kà wọ́n. Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ fún wa, àwa la kì í fetí sí i. Bí “yẹ” bá pọ̀, ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi pé ó yẹ? Àwọn kan wà tí ó yẹ lóòótọ́, tí ẹ̀yin náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró. Àwọn tí ẹ ò rí ẹni tó ni wọ́n, tàbí tí ẹni tó ni wọ́n kì í ṣe yín, ẹ kọ wọ́n sí ojú ìwé tuntun.

*Ọjọ́ kejì: kò sẹ́ni tó máa mọ̀.* Ẹ dáhùn èyí: bí ẹnikẹ́ni ò bá ní yìn mí, tí ẹnikẹ́ni ò ní bú mi, tí kò sí ẹni tó máa gbọ́ rárá, ṣé màá ṣe é? Ẹ dáhùn rẹ̀ lórí ohun tí wọ́n fẹ́, lẹ́yìn náà lórí ohun tí ẹ̀yin fẹ́. Ìdáhùn kejì yìí máa ń tú àṣírí, torí àwọn kan máa rí i pé ohun tí wọ́n ń pè ní àlá tiwọn, ìyìn ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀.

*Ọjọ́ kẹta: irú ìdààmú wo ni?* Ní 1987, Tory Higgins, onímọ̀ mìíràn nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, ṣàlàyé pé a máa ń fi ẹni tí a jẹ́ wé ẹni méjì: ẹni tó wù wá ká jẹ́, àti ẹni tí a gbà pé ó yẹ ká jẹ́. Bí a bá jìnnà sí ti àkọ́kọ́, ìbànújẹ́ ló máa ń bá a wá: inú á rẹ̀wẹ̀sì, nǹkan ò ní dùn mọ́ni. Bí a bá jìnnà sí ìkejì, ìjayà ni: àyà á máa já, ara ò ní balẹ̀, a ó máa retí ìjìyà. Ẹ jókòó, kí ẹ wo ara yín ní ọdún kan sí i tí ẹ ti ṣe ohun tí wọ́n fẹ́. Kí lẹ rí nínú ara yín? Ẹ wá wo ara yín ní ọdún kan sí i tí ẹ ti kọ̀. Kí ló wà níbẹ̀? Bó bá jẹ́ pé gbígbà ń mú ìrẹ̀wẹ̀sì wá, tí kíkọ̀ sì ń mú àyà já, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohùn yín wà lápá kíkọ̀, tí ìbẹ̀rù sì dúró síwájú rẹ̀.

*Ọjọ́ kẹrin: ẹ kọ ọ́ ní gbólóhùn kan.* “Mo fẹ́...” tàbí “Mi ò ní...”. Ẹ má lo “nítorí pé” nínú rẹ̀.

Ìkìlọ̀ méjì, mo bẹ̀ yín kí ẹ má fo wọ́n. Àkọ́kọ́: ìbínú máa ń fara jọ òmìnira. Ẹni tó kọ̀ láti ṣe nǹkan torí pé bàbá rẹ̀ fẹ́ ẹ, bàbá náà ló ṣì ń darí rẹ̀, ẹ̀yìn ló kàn kọjú sí. Bí ẹ bá rí i pé gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé yín ló ń bá ẹnì kan jà, ẹ tún ọjọ́ mẹ́rin náà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ara bá tutù. Ìkejì: ẹ lè rí i pé ohun tí wọ́n fẹ́ ni ẹ̀yin náà fẹ́. Ẹ gbà á. Kò di dandan kí ohun tó jẹ́ tiyín yàtọ̀ sí ti gbogbo èèyàn.

Àyẹ̀wò: ẹ ka gbólóhùn ọjọ́ kẹrin sókè fún ara yín ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti sùn, ohùn yín ni. Bó bá ti yí, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ẹ sún ọjọ́ èsì síwájú, kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń dúró.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ wá ẹnì kan ṣoṣo

Asch tún rí nǹkan mìíràn: bí ẹnì kan péré nínú yàrá náà bá mú ìlà tó tọ̀nà, ẹni tí wọ́n ń dán wò kì í sábà tẹ̀ lé àwọn yòókù mọ́. Ẹnì kan péré ti tó.

Ẹ sọ fún ẹni náà pé: “Mi ò wá ìmọ̀ràn. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi tán, kí ẹ sì rán mi létí ohun tí mo sọ bí mo bá fẹ́ yí i padà torí ojú èèyàn.” Ẹ ka gbólóhùn yín fún un.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á sọ fún ẹni mẹ́wàá. Ìyẹn ti di ìpàdé, ẹ ó sì bá ara yín nínú yàrá Asch padà.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ dán an wò ní kékeré

Bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni ẹ fẹ́ yí, ẹ ṣe iṣẹ́ tuntun náà ní ọjọ́ Sátidé mẹ́rin kí ẹ tó fi èyí tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ibi tuntun lẹ fẹ́ máa gbé, ẹ lọ lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Àwọn ìpinnu kan ò ṣeé dán wò, bí i ti ìgbéyàwó. Ẹ fo ìgbésẹ̀ yìí fún irú wọn.

Àyẹ̀wò: ẹ wo ọjọ́ tó le jù nínú ìdánwò náà, kì í ṣe ọjọ́ tó dùn jù. Ṣé ẹ ṣì fẹ́ padà síbẹ̀ lọ́jọ́ kejì?

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ sọ ọ́

Gbólóhùn mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ fi hàn pé ẹ rí ire tí ẹni náà ń wá. Ìkejì ni ìpinnu yín. Ìkẹta ni ohun tí kò ní yí padà láàárín yín.

Fún òbí: “Bàbá, mo mọ̀ pé ire mi lẹ̀ ń wá. Mi ò ní ṣe iṣẹ́ yẹn. Màá ṣì máa pè yín ní gbogbo alẹ́ bí mo ṣe ń ṣe.”

Fún ọ̀gá: “Ẹ ṣeun tí ẹ ronú kàn mí, sà. Mi ò ní gba ipò náà. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi, màá parí rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dá.”

Fún ọ̀rẹ́: “Mo mọ̀ pé ó wù ẹ́ ká jọ ṣe é. Mi ò ní bá ẹ ṣe é. Ọ̀rẹ́ ṣì ni wá.”

Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí ló le jù nínú gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí. Ẹnu á máa yún yín láti fi nǹkan sí i. Gbogbo ìdí tí ẹ bá kà sílẹ̀ ni wọ́n máa bá yín tún ṣe: bí ẹ bá sọ pé owó ni, wọ́n á wá owó, bí ẹ bá sọ pé ọ̀nà jìn, wọ́n á wá mọ́tò. Nígbà tí ìdí bá tán, ẹ máa gbà. Ẹ má sì fi irọ́ bò ó, torí ẹ ó ní láti máa tọ́jú irọ́ náà.

Ẹ fọhùn pẹ̀lẹ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ọ̀wọ̀ wà nínú ohùn àti nínú ìdúró, kò sí nínú gbígbà. A lè bọ̀wọ̀ fún àgbà láti orí dé ẹsẹ̀ ká sì sọ fún un pé a ò ní ṣe é.

Wọ́n lè bínú. Wọ́n lè ní ẹ ò moore. Ẹlòmíràn á sunkún, ẹlòmíràn á dákẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀. Gbólóhùn kan náà ni kí ẹ máa sọ: “Mo gbọ́ yín. Ìpinnu mi ò yí padà.” Ẹ sọ ọ́ dé ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ wá fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tọrọ gááfárà.

Àyẹ̀wò: ẹ rántí ohun tí ẹ sọ. Ṣé “bóyá”, “nísinsìnyí ná” tàbí “a ṣì máa rí i” wà nínú rẹ̀? Bó bá wà níbẹ̀, ẹ ò tíì sọ ọ́. Ẹ padà lọ sọ ọ́ tán.

Ìgbésẹ̀ 7: Ọjọ́ 30 àkọ́kọ́

Ẹ̀rí-ọkàn á máa gún yín. Ẹ má tètè kà á sí àmì pé ẹ ṣìnà, torí ẹni tó ti ń tẹ́ èèyàn lọ́rùn láti kékeré máa ń rí i bí ẹ̀ṣẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tó bá sọ pé rárá.

Ẹ fi òfin kan lélẹ̀ fún ara yín: ẹ kò gbọ́dọ̀ yí ìpinnu padà lóru, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ yí i lọ́jọ́ tí ìjà bá ṣẹlẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ yí i, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ 2. Ohun tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ lè yí i. Ojú tí ẹnì kan le mọ́ yín kò gbọ́dọ̀ yí i. Ẹ sì mú gbólóhùn kẹta yín ṣẹ. Bí ẹ bá ní ẹ ó máa pè ní gbogbo alẹ́, ẹ pè, kódà bí wọn ò bá gbé e.

Àyẹ̀wò ní ọjọ́ 30: ṣé mo ti gbé ìgbésẹ̀ kan lórí ohun tí mo ní mo fẹ́, yàtọ̀ sí kíkọ̀? Ṣé mo ti mú ìlérí mi ṣẹ? Nínú ohun tí mo bẹ̀rù tó wà lápá kẹta ìwé mi, mélòó ló ṣẹlẹ̀ lóòótọ́?

Bí “ó dáa” bá ti jáde lẹ́nu yín ńkọ́?

Ó ṣì ṣeé gbà padà, ẹ kàn má jẹ́ kó pẹ́. Ẹ má jẹ́ kó kọjá ọjọ́ méjì, kí ẹni náà má tíì náwó tàbí ṣètò lórí rẹ̀. Ẹ má wá àwáwí.

Ní nǹkan bí oṣù mélòó kan sẹ́yìn, ẹ̀gbọ́n mi yẹn tún pè mí, ó ní kí n bá òun dúró fún nǹkan kan. Mo tún sọ pé ó dáa. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo rí ọwọ́ mi létí tábìlì. Lówurọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ̀wé sí i: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀. Mo yára fèsì lálẹ́ àná. Mo ti rò ó, mi ò ní lè ṣe é. Ẹ má bínú pé mi ò sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀.”

Ó tó wákàtí kan kó tó fèsì: “Mo ti gbọ́. Màá wá ẹlòmíràn.”